Àròyé Tí Ó Ní Nọ́ńbà

Yorùbá kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún ohun tí oníbàárà ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọjà tí ó rà bá já a kulẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, àròyé ni. Bí ó bá gbé e dé iwájú àgbà, ẹjọ́ ni. Bí ó bá dárúkọ ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́, ó ti di ẹ̀sùn. Àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kò yà á sí mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n fún gbogbo rẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì, àfi bí ẹni pé ẹni tí ń ráhùn fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin. Orúkọ náà kò bá etí mu, ṣùgbọ́n èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ dára. Gbàrà tí àròyé bá ti wọlé, a ó fún un ní nọ́ńbà, a ó kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ó dé, a ó kọ orúkọ ẹni tí yóò bójú tó o, kò sì ní kúrò lójú àwọn òṣìṣẹ́ títí di ìgbà tí ẹni tí ó ni ín bá gbà pé ó ti tán.

Kì í ṣe àwọn ilé-iṣẹ́ olówó nìkan ni ó ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1996, Jesse Vincent bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Request Tracker, tí a ń gé kúrú sí RT, ní Yunifásítì Wesleyan ní Amẹ́ríkà. Martin Edenhofer bẹ̀rẹ̀ OTRS ní ilẹ̀ Jámánì ní 2001. Ní 2003, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ INDEPNET ní ilẹ̀ Faransé gbé GLPI jáde, ètò tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń ka àwọn kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ọ́fíìsì kí ó tó di ibi tí a ń kó àròyé sí pẹ̀lú. Lẹ́tà L nínú orúkọ náà dúró fún libre. Níhìn-ín, Yorùbá bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro kan tí ó ń bá àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fínra, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ohun tí a kò sanwó fún àti ohun tí kò sí lábẹ́ ìdè ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni ti àkọ́kọ́, òmìnira ni ti èkejì. Òmìnira ni libre. Ẹnikẹ́ni lè mú GLPI, kí ó lò ó, kí ó wo inú rẹ̀, kí ó tún un kọ, kí ó sì fi fún ẹlòmíràn.

Ọ̀nà méjì ni oníṣòwò lè gbà ní irú ìwé àròyé bẹ́ẹ̀. Ó lè háyà rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun máa tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí òun sì máa san owó lóṣooṣù lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní dọ́là tàbí yúrò. Ó sì lè gbé e kalẹ̀ sínú ilé ara rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ tirẹ̀, irú èyí tí a ń pè ní sáfà nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa dá àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù yòókù lóhùn. Ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀nà kejì kò náni ní nǹkan kan kò tíì tọ̀ ọ́ rí. Owó tí ènìyàn kò san fún àlejò, yóò fi oorun ojú ara rẹ̀ san án.

Banifandou jẹ́ àdúgbò kan ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ní apá òsì Odò Ọya, odò kan náà tí ó ń ṣàn wá gba Jẹ́bà kọjá. Haúsá àti Zarma ni ènìyàn yóò gbọ́ jù lójú pópó. Faransé ni èdè ìwé. Àwọn Yorùbá náà ti ń tajà ní ìlú yìí tipẹ́. Kí ọ̀rọ̀ má baà wà ní ojú sánmà, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ṣakí, tí ó ń ta páńẹ́ẹ̀lì iná oòrùn, bátìrì àti ínfátà ní Banifandou. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n.

Ohun tí ó sọ òwò bẹ́ẹ̀ di ńlá kò jìnnà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023 ni àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey. Àjọ ECOWAS ti ẹnubodè pa, ó sì dá òwò dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, Nàìjíríà gé iná tí ó ń tà fún Niger, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iná tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ni ó ń ti Nàìjíríà wá. Títí di oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí ECOWAS mú ọ̀pọ̀ nínú ìjẹníyà náà kúrò, òkùnkùn kò jẹ́ àlejò ní Niamey. Ẹni tí kò ronú kan páńẹ́ẹ̀lì rí bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ọjà tí a sì fi ìkánjú rà ni ó máa ń bí àròyé jù: bátìrì tí kò gba iná dúró, ínfátà tí ń han gooro lóru, páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ibi tí oòrùn kò sí.

Níbi tí kò bá sí ètò, ìwé kan ni ó máa ń wà lórí káńtà. Ẹni tí ó bá wà nítòsí ni ó ń kọ sínú rẹ̀, bí ó bá rántí. Àwọn oníbàárà mìíràn ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí fóònù ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ gbéra lọ sí Maradi, ó gbé fóònù lọ, ohùn oníbàárà sì bá a lọ. Ká ní oníṣòwò wa ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan lọ́dọ̀, ọmọbìnrin tí ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ tí yóò wà láàárín wọn kò ní yàtọ̀ sí èyí.

"Bàbá, ìyá tí ó wà ní Dosso yẹn tún pè. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ rèé."

"Ṣebí mo dá a lóhùn lọ́jọ́ ọjà."

"Ẹ dá a lóhùn lóòótọ́, sà, ṣùgbọ́n ẹ ò kọ ọ́ síbì kan. Ẹni tí ó gbé e lónìí kò mọ ohun tí ẹ bá a sọ."

"Ẹ̀rọ tí o ń wí yìí, ta ni yóò máa rí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà mi nínú rẹ̀?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ kọ́kọ́ bèèrè, àwọn onímọ̀ kì í sì í sábà bèèrè rẹ̀. Iye tí yóò náni ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò.

Kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ kò tóbi. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ kan tó, bí inú rẹ̀ bá ṣì yá gágá. Ó tilẹ̀ sàn ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ ní ibi tí iná ti ń ṣẹ́jú, nítorí pé bátìrì tirẹ̀ ti wà nínú rẹ̀: bí iná bá lọ lójijì, kò ní kú sójú iṣẹ́ kí ó sì ba àkọsílẹ̀ jẹ́. Lórí rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà yóò gbé Debian sí, ọ̀kan nínú àwọn oríṣi Linux, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní 1993. Kò ní fi àwòrán àti fèrèsé aláwọ̀ mèremère sí i. Ojú dúdú tí lẹ́tà funfun ń tàn lórí rẹ̀ ni yóò kù, bàbá rẹ̀ yóò sì rò pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́.

Ohun mẹ́ta ni a ó fi kún Debian kí GLPI tó lè jókòó. Apache ni ó ń dá ẹni tí ó bá kan ilẹ̀kùn lóhùn. PHP ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹni náà bèèrè. MariaDB ni àká, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ń sùn sí. (Orúkọ ọmọbìnrin ni Maria inú MariaDB, ọmọ Michael Widenius ni, ọkùnrin tí ó ti fi orúkọ ọmọ rẹ̀ àgbà, My, sọ MySQL tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí náà ń sọmọ lórúkọ bí ará ilé.) A ó ṣí yàrá kan nínú àká fún GLPI, a ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ tí ó jẹ́ ti yàrá náà nìkan, kì í ṣe ti gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà ni a ó tú ẹrù GLPI sí àyè rẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé kí a gbé fódà tí ìṣètò wà àti èyí tí fáìlì àwọn oníbàárà wà kúrò ní ibi tí ẹni tí ń wo ojú ewé láti ìta lè dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fo ibí yìí nítorí pé ètò náà yóò ṣiṣẹ́ bí wọn kò tilẹ̀ ṣe é. Ilé tí kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà ṣeé sùn.

Bí ó bá ti débẹ̀, ìyókù di ti ojú ewé: yan èdè, tẹ orúkọ àká, dúró díẹ̀. Faransé ni ọmọbìnrin náà yóò yàn, nítorí pé òun ni gbogbo òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù lè kà. Níkẹyìn, ètò náà yóò sọ fún un pé òun ti dá ẹni mẹ́rin sílẹ̀ tí ó lè wọlé: glpi, tech, normal àti post-only. Orúkọ kọ̀ọ̀kan wọn ni ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, àfi ti ìkẹrin tí ó yọ àmì àárín dànù. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ wọ́n, nítorí pé inú ìwé ìtọ́sọ́nà ni wọ́n wà. Glpi ni ọ̀gá pátápátá nínú wọn. Ẹni tí ó bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó sì so sáfà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti dáhùn ìbéèrè bàbá yẹn: ẹnikẹ́ni tí ó bá wù ni yóò máa rí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀.

Aago náà gba ìṣọ́ra. Wákàtí Niamey àti ti Èkó kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ fún ẹ̀rọ pé Niamey ni ó wà, ó lè máa ka wákàtí UTC, àròyé tí ó dé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ yóò sì dà bí èyí tí ó dé kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí. Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ kan tún wà tí a ń pè ní cron, tí ń jí ètò náà lóòrèkóòrè kí ó lè rán ìránnilétí. Láìsí i, GLPI yóò máa dúró de ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí ojú ewé kí ó tó rántí ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Ní ti gbígba àròyé láti inú ímeèlì, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n oníbàárà oníṣòwò yìí kì í kọ ímeèlì. Wọ́n ń pe fóònù ni. Ẹni tí ó wà ní káńtà ni yóò máa gbọ́, tí yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, tí yóò fi hàn pé ọ̀nà fóònù ni ó gbà wọlé. Èyí ni iṣẹ́ tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀, kò sì sí àṣẹ Linux kan tí ó lè ṣe é.

Kí wá ni èrè kí sáfà wà nínú ilé? Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ohun tí ojú Niamey ti rí. Lẹ́yìn ìbò ààrẹ ti oṣù Kejì ọdún 2021, wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì ní Niger fún nǹkan bí ọjọ́ 10. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ohun àwátì ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Niger kò ní etíkun, síbẹ̀ ó jẹ nínú ìyà náà, torí pé ilẹ̀ àwọn aládùúgbò ni okùn tirẹ̀ gbà dé òkun. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìwé àròyé rẹ̀ wà ní òkè òkun kò lè mọ oníbàárà tí ó yẹ kí ó pè. Ẹni tí ó ní sáfà ní Banifandou yóò ṣí fóònù rẹ̀, yóò so ó mọ́ wáì-fáì ṣọ́ọ̀bù, gbogbo rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀. Ráútà kékeré kan tó láti so wọ́n pọ̀. Kò nílò Abidjan, kò nílò okùn òkun.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Ohun tí ó gé íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lọ́rùn rẹ̀ ti gbé iná, ooru àti eruku lé e lórí. Ní oṣù Kẹrin àti Karùn-ún, ooru Niamey máa ń kọjá 40 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ọyẹ́ sì ní eruku tirẹ̀. Ẹni tí ń ta páńẹ́ẹ̀lì ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ kò ní: lára ọjà rẹ̀ ni yóò ti bọ́ sáfà rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ó fi ọkọ́ ara rẹ̀ roko.

GLPI ya ipò àròyé sí mẹ́fà: èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èyí tí ó ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan, èyí tí a ti dá ọjọ́ fún, èyí tí ó ń dúró, èyí tí a yanjú, àti èyí tí a pa dé. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú méjì tí ó kẹ́yìn. Résolu ni wọ́n kọ sí ọ̀kan, Clos sí èkejì, ẹni tí ó bá ń kánjú yóò sì rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Òṣìṣẹ́ lè sọ pé òun ti yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ráhùn ni ètò náà ń bi bóyá ó gbà. Bí ó bá kọ̀, àròyé yóò tún ṣí padà pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Ẹni tí ó bá ti jókòó níbi tí àwọn àgbà ti ń parí ìjà mọ èyí dáadáa: adájọ́ kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé inú olùpẹjọ́ ti dùn. Ó ní láti bi í.

Àmọ́ ètò kan náà gba ọ̀gá láàyè láti pàṣẹ pé, bí oníbàárà kò bá sọ nǹkan kan láàárín iye ọjọ́ báyìí, kí ẹ̀rọ pa ọ̀rọ̀ náà dé fúnra rẹ̀. Ní ìlú tí ímeèlì ti pọ̀ bí omi, bóyá ó tọ́. Fún ẹni tí ó wà lábúlé kan ní agbègbè Tahoua, tí fóònù rẹ̀ máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìdákẹ́ kì í ṣe gbígbà. Kí ọmọbìnrin náà pa àṣẹ yẹn, kí ẹni tí ó wà ní káńtà sì máa pe oníbàárà. Kí ó sì ṣọ́ ipò "èyí tí ó ń dúró" lójú méjèèjì, nítorí pé aago ìlérí kì í ka wákàtí bí àròyé bá ti wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ọ̀lẹ máa ń kó iṣẹ́ rẹ̀ sí, ìwé ìṣirò ìparí oṣù yóò sì mọ́ fínnífínní.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó ṣe pàtàkì jù fún àwọn olùkọ́. Faransé ni èdè bọ́tìnnì orí ojú ewé, ṣùgbọ́n inú àròyé fúnra rẹ̀, èdè tí oníbàárà fi sọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí a kọ. Ìyá tí ó sọ ní Haúsá pé bátìrì òun kò ní ƙarfi sọ ohun kan. Bí ọmọ káńtà bá túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé pé ó bàjẹ́, ó ti sọ ohun mìíràn. Kò lágbára kọ́ ni ó bàjẹ́. Niger ti fi àṣẹ ìjọba gbé ìlànà àkọtọ́ èdè ilẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ láti 1999, Haúsá sì di èdè orílẹ̀-èdè nínú ìwé òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Àǹfààní kíkọ ọ́ wà. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá ẹ̀rọ lè rí i padà.

GLPI òde òní ń sọ fún àká rẹ̀ pé kí ó fi àkọtọ́ Unicode pa ọ̀rọ̀ mọ́, nítorí náà kò sí lẹ́tà Yorùbá, Haúsá tàbí Zarma tí kò lè gbà. Ṣùgbọ́n ìpamọ́ yàtọ̀ sí ìwákiri. Ìlànà ìfiwéra tí ó ń lò, utf8mb4_unicode_ci, kì í ka àmì sí. Ó ka ọ sí o, ó ka ó sí o. Ẹni tí ó bá tẹ "oko" láti wá àròyé nípa ọkọ̀ tí ó gbé páńẹ́ẹ̀lì lọ yóò bá oko àgbẹ̀ pàdé, àti ọkọ ìyàwó, àti ọkọ́ tí a fi ń roko. Títí dé ibẹ̀, a lè rẹ́rìn-ín, kí a sì dúpẹ́ pàápàá, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ lórí fóònù wọn. Ṣùgbọ́n kí ó tẹ "oko" kí ó wá ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun, kò ní rí i. Ìdí ni pé Unicode ní ọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, kò ní ọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kan àti àmì kan tí ó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rọ rí. Bí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àmì tí ó wà láàárín yẹn ni yóò dí i lọ́nà. Nígbà tí àmì bá wà ní ìparí, bí ti ọkọ̀, ó ti rí ohun tí ó ń wá kí ó tó dé ibẹ̀. Ohun tí olùkọ́ ń pè ní ohùn ìsàlẹ̀ lórí fáwẹ́lì ti di ẹrù lọ́tọ̀.

Ká wá ní oníbàárà mìíràn jẹ́ Yorùbá Kétu, tí ó kàwé ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wọn, ɔkɔ̀ ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe ọkọ̀. Ẹ̀rọ tí ó sọ pé oko àti ọkọ̀ kò yàtọ̀ yóò sọ pé ọkọ̀ àti ɔkɔ̀ kò jọra rárá, nítorí pé lójú rẹ̀, ɔ kì í ṣe o tí ó ní àmì, lẹ́tà mìíràn ni. Bákan náà ni Haúsá: ƙ kì í ṣe k lójú rẹ̀, ẹni tí ó tẹ "karfi" kò ní rí ƙarfi. Bí a ṣe ya àkọtọ́ Yorùbá sọ́tọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnubodè, àwọn tí ó ṣe é kò lè mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ kan ní Niamey yóò fi ìpinnu wọn ya ìyá Kétu kúrò lára ìyá Ṣakí. Ọmọbìnrin náà lè ṣe àtúnṣe díẹ̀: kí ó dá àwọn ìsọ̀rí sílẹ̀ fún bátìrì, ínfátà, páńẹ́ẹ̀lì, ìgbérù, kí òṣìṣẹ́ máa yan ọ̀kan nígbà tí ó bá ń kọ àròyé, kí ó má baà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ni a ó máa fi wá a. Àtúnṣe tí ó jinlẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ èdè, lọ́dọ̀ àwọn tí ó lè kọ ìlànà ìfiwéra tí ó mọ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé iṣẹ́ wọn ni.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá jókòó tán, ẹrù tuntun kan ti wà ní ọrùn bàbá. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àpèjúwe ilé àwọn ènìyàn wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, Niger sì ní òfin lórí èyí láti ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, pẹ̀lú àjọ tí ń bójú tó o. Ẹni tí ó háyà lè na ìka sí ẹlòmíràn. Ẹni tí ó gbé e sílé kò rí ẹni tí yóò na ìka sí. Bẹ́ẹ̀ ni ètò fúnra rẹ̀ ní láti máa gba àtúnṣe, òmìnira rẹ̀ kò sì sọ pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò lè kó ẹrù rẹ̀ lọ: ní ìparí ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ tí ó ni OTRS kéde pé òun kò ní tọ́jú èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn mọ́. Nítorí pé libre ni, àwọn mìíràn gbé e, wọ́n sọ ọ́ ní Znuny, wọ́n sì ń bá a lọ. Àwọn tí ó ra irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Atlassian láti gbé sórí sáfà kékeré tiwọn kò ní irú oríire yẹn. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni ìtọ́jú rẹ̀ dópin, kò sì sí ẹni tí òfin gbà láàyè láti gbé e.

Ó ku ẹ̀dà ìpamọ́. Yorùbá oníṣòwò kò yẹ kí ó nílò àlàyé lórí èyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá tí ó ti ń tajà níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ kó ẹrù wọn, ọ̀pọ̀ sì fi gbèsè tí wọn kò rí gbà sílẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tí a lè fi sínú àpò ni ó bá ènìyàn sọdá ẹnubodè. Àká GLPI fún ọdún kan ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kò lè kún fílásì kékeré kan. Kí ọmọbìnrin náà pàṣẹ fún Debian kí ó máa ṣe ẹ̀dà lálaalẹ́, kí ó fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í, kí ọ̀kan máa wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí ọ̀kan máa bá bàbá lọ sílé.

Ẹ̀dà tí a kò tíì tú wò kò tíì di ẹ̀dà. Ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ó yẹ kí ó mú kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó tú u sórí rẹ̀, kí ó sì ka ohun tí ó jáde. Ìdẹkùn kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń mú àwọn tí kò ní èdè púpọ̀. Bí àṣìṣe bá wọ àṣẹ náà tí ẹ̀dà fi gba ìlànà àtijọ́ tí à ń pè ní latin1, àròyé tí a kọ ní Faransé yóò jáde láìní àbàwọ́n, nítorí pé é, è àti ç wà nínú latin1. Ẹni tí ó yẹ ẹyọ kan wò ní Faransé yóò fọwọ́ sí i pé ó pé. Ọkọ̀ yóò ti di ?k??, ƙarfi yóò ti di ?arfi. Nítorí náà, kí ó máa ka mẹ́ta: ọ̀kan ní Faransé, ọ̀kan ní Haúsá, ọ̀kan ní Yorùbá, ti Yorùbá ni kí ó sì kọ́kọ́ ṣí.